Kí ló dé tí library C kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, tó wá ń ṣìṣe lórí Windows àti Raspberry Pi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe library C kan tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú àkójọ ọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà àyẹ̀wò àkọtọ́ lè máa lò ó. Library náà á ka àkójọ, á kọ atọ́ka sínú fáìlì, lẹ́yìn náà á máa fi hash (òǹkà tí a ṣírò láti inú báìtì ọ̀rọ̀) wá ọ̀rọ̀ nínú atọ́ka yẹn. Lórí Linux x86-64 kò sí wàhálà. Tí a bá gbé atọ́ka kan náà lọ sórí Raspberry Pi tó ń lo Linux 64-bit, ó ń rí "omi" àti "ara", àmọ́ kò rí ọ̀rọ̀ kankan tó ní ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn. Lórí Windows, ó ní atọ́ka náà ti bàjẹ́. Bí a bá ní kó kọ òmíràn níbẹ̀, á kà á dé àárín, á sì dúró. Nígbà míì, program á kú níbi tó ti ń pe free lórí ọ̀rọ̀ tí library dá padà fún un. A ti fi #ifdef (àṣẹ tó ń yan kóòdù ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ ọ̀tọ̀) kún inú kóòdù, wàhálà ò tán. Ẹ wo apá tí mo fi ránṣẹ́ yìí:

```c
struct akori {
    char ami[4];
    long iye;
    int  ibere;
};

unsigned long hash(const char *s)
{
    unsigned long h = 5381;
    while (*s)
        h = h * 33 + *s++;
    return h % 10007;
}
```

Ìdáhùn

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ibì kan náà ló ti ṣẹ̀ wá. Òfin èdè C fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ kí compiler (program tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) fúnra rẹ̀ yàn: báìtì mélòó ni long, ṣé char lè jẹ́ òǹkà òdì àbí kò lè jẹ́ ẹ, àlàfo mélòó ló máa wà láàárín àwọn ohun inú struct. Ohun tí compiler laptop yín yàn lẹ kọ sínú fáìlì. Fáìlì náà wá rìn dé ọ̀dọ̀ compiler mìíràn tó yan ohun mìíràn. #ifdef ò lè tún ìyẹn ṣe, torí fáìlì yín ni kò ní àdéhùn kankan tó dè é. Ẹ kọ́kọ́ pinnu báìtì inú fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀, kí kóòdù wá máa tẹ̀lé e lórí gbogbo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn #ifdef yẹn lẹ máa lè pa rẹ́.

Raspberry Pi ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí àṣìṣe ibẹ̀ ló fara pamọ́ jù, òun náà ló sì kan èdè wa jù lọ. Char lásán lè máa ka -128 dé 127, ó sì lè máa ka 0 dé 255. Compiler GCC àti Clang yan ti àkọ́kọ́ lórí x86, irú chip laptop yín. Lórí Linux ARM, irú chip tó wà nínú Pi, ti kejì ni wọ́n yàn. Kì í ṣe gbogbo ARM o: Mac tó ń lo chip Apple àti Windows orí ARM ṣì ń lo èyí tó ní òdì, nítorí náà ẹ má ṣe kọ #ifdef tó ń wádìí ARM. Gbogbo lẹ́tà a dé z kò tó 128, ìdí nìyẹn tí "omi" àti "ara" kò fi ní ìṣòro. Àmọ́ báìtì mẹ́ta ni "ẹ" nínú UTF-8: E1 BA B9. Lórí Pi, 225, 186 àti 185 ni *s ń gbé fún hash yín. Lórí laptop, -31, -70 àti -71 ni. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà dé òpin: lórí laptop, h á di 193,340,857, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sínú àpótí 5617 (àṣẹ́kù h lórí 10007 ni nọ́ńbà àpótí); lórí Pi, h á di 193,628,345, àpótí 2902 ni Pi á sì lọ wò. Àpótí ọ̀tọ̀ ni laptop fi ọ̀rọ̀ sí, ọ̀tọ̀ ni Pi ń yẹ̀ wò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Hash tí ext3 àti ext4, ètò fáìlì Linux, fi ń wá orúkọ fáìlì nínú fódà ní ìyàtọ̀ yìí gan-an, débi tí wọ́n ní láti ya bíìtì méjì sọ́tọ̀ nínú superblock (ibi tí wọ́n ń kọ àlàyé disk fúnra rẹ̀ sí): ọ̀kan ń sọ pé hash tó ní òdì ni disk yìí ń lò, ìkejì ń sọ pé èyí tí kò ní òdì ni. Ẹ̀yin ò tíì ní disk àwọn ẹlòmíràn lọ́rùn, ẹ lè tún tiyín ṣe pátápátá:

```c
uint32_t yrk_hash(const char *s)
{
    const unsigned char *p = (const unsigned char *)s;
    uint32_t h = 5381;
    while (*p)
        h = h * 33u + *p++;
    return h % 10007u;
}
```

Unsigned char ló wo ti Pi sàn. Uint32_t wà fún ohun tí ẹ ò tíì rí. Unsigned long jẹ́ bíìtì 64 lórí Linux 64-bit àti Mac, ó sì jẹ́ bíìtì 32 lórí Windows, kódà Windows 64-bit. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní báìtì mẹ́rin, 5381 × 33 × 33 × 33 × 33 nìkan ti jẹ́ 6,381,440,901, ó ti kọjá 4,294,967,295 tí bíìtì 32 lè gbà. Windows á gé orí rẹ̀ kúrò, Linux ò ní gé e, àṣẹ́kù lórí 10007 á sì yàtọ̀. Ká ní akọrí fáìlì (struct akori yẹn) nìkan lẹ tún ṣe, ọ̀rọ̀ oníbáìtì mẹ́ta ni Windows ìbá máa rí, èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ á sì máa pòórá, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ máa wò.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lórí char, ẹ wá isalpha, tolower àti àwọn ẹgbẹ́ wọn inú ctype.h nínú gbogbo kóòdù yín. Iye tí unsigned char lè gbà, tàbí EOF, nìkan ni òfin gbà kí ẹ fún wọn. Bí ẹ bá fún wọn ní -31, debug build lórí Windows á dá program dúró lójú ẹsẹ̀. Níbòmíràn ó lè ka mẹ́mọ̀rì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kíkọ tolower((unsigned char)*s) á dá kíkú náà dúró, àmọ́ kò tíì tọ́ fún Yorùbá. Bí program tó ń lo library yín bá ti pe setlocale lórí Windows tí code page (tábìlì tó ń sọ báìtì di lẹ́tà) rẹ̀ jẹ́ 1252, tolower á sọ báìtì C3 di E3, UTF-8 yín á sì bàjẹ́ láìsí ariwo. Èmi ò ní lo tolower rárá. Lẹ́tà tí a nílò ò pọ̀, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. A dé Z: ẹ fi 32 kún un. Ẹ (E1 BA B8), Ọ (E1 BB 8C) àti Ṣ (E1 B9 A2): ẹ fi 1 kún báìtì tó gbẹ̀yìn. Fáwẹ̀lì ńlá alámì ohùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C3, bíi À àti É: ẹ fi 32 kún báìtì kejì. Ń (C5 83), Ǹ (C7 B8) àti Ḿ (E1 B8 BE): 1 lórí báìtì tó gbẹ̀yìn.

Ohun kan wà tí ẹ máa rò pé hash ló ṣì ń bàjẹ́ nígbà tí ẹ bá bá a pàdé. "Ọ́" kékeré lè wọlé ní ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán, ojú ò sì lè dá wọn mọ̀. Ó lè jẹ́ E1 BB 8D CC 81, ìyẹn ọ pẹ̀lú àmì òkè. Ó lè jẹ́ 6F CC A3 CC 81, ìyẹn o lásán, àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè. Ó tún lè jẹ́ C3 B3 CC A3, ìyẹn ó tí wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí lábẹ́. Kíbọọ̀dù tí ènìyàn fi tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu. Hash ò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC (ìlànà Unicode tó ń sọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo) kí ẹ tó ṣe hash rẹ̀, nígbà kíkọ atọ́ka àti nígbà wíwá. Library utf8proc kéré, C ni wọ́n fi kọ ọ́, function utf8proc_NFC inú rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Library ICU pẹ̀lú lè ṣe é, àmọ́ ó tóbi ju ohun tí ẹ nílò lọ.

Ó yá, akọrí. Lórí Linux x86-64, ami gba báìtì 0 dé 3, compiler fi àlàfo báìtì 4 tẹ̀lé e kí iye lè bẹ̀rẹ̀ ní 8, ibere wà ní 16 dé 19, àlàfo 4 mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Lórí Windows 64-bit, long jẹ́ báìtì 4, kò sí àlàfo kankan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ìdí nìyẹn tí Windows fi sọ pé fáìlì ti bàjẹ́. Pi yín jẹ́ 64-bit, 24 ni tirẹ̀ náà. Ká ní Linux 32-bit ló wà lórí rẹ̀ ni, 12 ni ìbá jẹ́, "omi" pàápàá kì bá tí rí.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yí long padà sí int32_t kí ẹ sì fi #pragma pack(1) sórí struct náà. Mi ò fara mọ́ ọn. Pack ń mú àlàfo kúrò, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa èwo nínú báìtì mẹ́rin òǹkà náà ló ń ṣáájú. Pointer tí ẹ bá sì nà sí ohun inú struct bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sí àdírẹ́sì tí kò bá oríṣi rẹ̀ mu, èyí tí àwọn ẹ̀rọ kan kì í gbà. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ báìtì kọ̀ọ̀kan:

```c
static void ko_u32(unsigned char *b, uint32_t n)
{
    b[0] = (unsigned char)(n & 0xFF);
    b[1] = (unsigned char)((n >> 8) & 0xFF);
    b[2] = (unsigned char)((n >> 16) & 0xFF);
    b[3] = (unsigned char)((n >> 24) & 0xFF);
}

static uint32_t ka_u32(const unsigned char *b)
{
    return (uint32_t)b[0]       | (uint32_t)b[1] << 8 |
           (uint32_t)b[2] << 16 | (uint32_t)b[3] << 24;
}
```

Ẹ má ṣe yọ (uint32_t) yẹn kúrò nítorí pé ó dà bíi pé ó pọ̀ jù. Láìsí i, b[3] á di int, bí báìtì náà bá sì tó 128, sísún un lọ sí ipò 24 á wọ inú bíìtì òdì, òfin C ò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹ má bẹ̀rù pé ó máa falẹ̀: pẹ̀lú -O2, GCC àti Clang mọ àpẹẹrẹ yìí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ di kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí x86 àti ARM64. Kò sí #ifdef nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò nílò láti mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ wà lórí rẹ̀. Struct lè wà nínú mẹ́mọ̀rì bó ṣe wù ú. Kò gbọ́dọ̀ rí fwrite tàbí fread sójú.

Ti Windows tó ń kà dé àárín tó sì ń dúró, ẹ wo ibi tí ẹ ti pe fopen. Ó dá mi lójú pé "r" àti "w" lẹ kọ. Lórí Linux, kò sí ìyàtọ̀ láàárín "r" àti "rb". Lórí Windows, "w" ń fi 0D síwájú gbogbo 0A (àmì ìparí ìlà), "r" ń yọ ọ́ kúrò, bí "r" bá sì pàdé báìtì 1A, á gbà pé fáìlì ti parí. 0A ni òǹkà 10, 1A sì ni 26. Kò sí atọ́ka tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ò ní sí nínú rẹ̀. Ibi tí 26 àkọ́kọ́ bá wà ni kíkà ti ń dáwọ́ dúró. Fseek náà á máa bọ́ síbi tí kò yẹ, torí gbogbo 10 ti ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síwájú ní báìtì kan. Ẹ kọ "rb" àti "wb" síbi gbogbo.

Ẹ wá jẹ́ kí fáìlì fúnra rẹ̀ lè sọ pé ẹnì kan ti yí òun padà. Àwọn tó ṣe PNG ronú lórí èyí dáadáa. Báìtì mẹ́jọ ni gbogbo fáìlì PNG fi ń bẹ̀rẹ̀: 89 50 4E 47 0D 0A 1A 0A. Ohun tó bá ń gé bíìtì kẹjọ kúrò á ba 89 jẹ́. Ohun tó bá ń sọ 0D 0A di 0A á fi ara rẹ̀ hàn ní àárín, èyí tó bá ń sọ 0A di 0D 0A á fi ara rẹ̀ hàn ní ìparí. Ẹ fi 89 59 52 4B 0D 0A 1A 0A bẹ̀rẹ̀ tiyín. YRK ni lẹ́tà mẹ́ta inú rẹ̀. Lẹ́yìn báìtì mẹ́jọ yẹn, u32 fún ẹ̀yà fáìlì, u32 fún iye ọ̀rọ̀, u32 fún ibi tí àpótí ti bẹ̀rẹ̀. 20 báìtì ni akọrí, lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Ìṣòro free tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Lórí Windows, DLL (fáìlì library) àti program lè máa lo C runtime ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú heap (ibi tí malloc ti ń gba mẹ́mọ̀rì) tirẹ̀. Malloc tó ṣẹlẹ̀ nínú DLL yín ò sí nínú ìwé free ti program. Bí Windows bá kọ 0xC0000374 sílẹ̀, heap tó bàjẹ́ ló ń sọ. Abọ́ tí wọ́n yá nílé kan, ilé yẹn ni wọ́n ń dá a padà sí. Ẹ ṣe function yrk_free sínú library, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú header pé òun nìkan ni kí wọ́n máa fi tú ohun tí library dá padà sílẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe gba FILE* lọ́wọ́ program. Orúkọ fáìlì ni kí ẹ gbà, tàbí báìtì àti iye wọn.

Orúkọ fáìlì náà ní tirẹ̀. Fopen lórí Windows ń ka orúkọ pẹ̀lú code page, code page 1252 ò sì ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Fáìlì tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀.idx ò ní ṣí. Ẹ fi MultiByteToWideChar sọ UTF-8 di UTF-16, pẹ̀lú CP_UTF8 àti MB_ERR_INVALID_CHARS, kí ẹ wá pe _wfopen. Láti Windows 10 ẹ̀yà 1903, program lè sọ nínú manifest rẹ̀ pé UTF-8 ni code page òun, àmọ́ ìpinnu ẹni tó ni program nìyẹn, library ò lè gbára lé e.

Ibí yìí ni #ifdef ti wúlò: fáìlì kan tó ń jẹ́ yrk_eto.c, tó ní yrk_fopen nínú, àti apá kékeré kan nínú header gbangba:

```c
#if defined(_WIN32)
#  ifdef YRK_N_KO
#    define YRK_API __declspec(dllexport)
#  else
#    define YRK_API __declspec(dllimport)
#  endif
#else
#  define YRK_API __attribute__((visibility("default")))
#endif
```

Ẹ fi -DYRK_N_KO kún un nígbà tí ẹ bá ń kọ́ library nìkan, ẹ sì lo -fvisibility=hidden lórí Linux àti Mac kí ohun tí ẹ ò kọ YRK_API sí má bàa jáde. _WIN32 ni kí ẹ lò, tòun ti ìlà ìsàlẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. WIN32 lásán kì í ti inú compiler Microsoft wá, ètò project ló máa ń fi í sí i. Printf náà: size_t ń lo %zu, uint64_t ń lo PRIu64 láti inú inttypes.h. %lu lórí Windows, bíìtì 32 ló ń kà.

Ìdánwò ni kí ẹ má fi falẹ̀ rárá, ẹ ò sì ní láti ra ẹ̀rọ tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí laptop tí ẹ ní yìí, ẹ kọ́ gbogbo ìdánwò yín lẹ́ẹ̀mejì:

```
gcc -std=c11 -Wall -Wextra -Wconversion -fsanitize=address,undefined -fsigned-char   ...
gcc -std=c11 -Wall -Wextra -Wconversion -fsanitize=address,undefined -funsigned-char ...
```

Ká ní ẹ ti ṣe méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àṣìṣe Pi ìbá ti jáde lórí laptop. Ẹ tún fi -m32 kọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé gcc-multilib wọlé. Ibi tí ẹ ti rò pé long jẹ́ báìtì 8 á hàn. Fún ẹ̀rọ tó ń fi báìtì ńlá ṣáájú, gcc-s390x-linux-gnu àti qemu-user wà lórí Debian àti Ubuntu: ẹ fi s390x-linux-gnu-gcc -static kọ́ ìdánwò náà, ẹ wá pe qemu-s390x lórí rẹ̀. Ó lè má sí ẹni tó máa lo library yín lórí s390x, àmọ́ òun ló máa ń yára fi hàn bí struct kan bá ṣì ń yọ́ wọ inú fáìlì. Mingw-w64 (compiler tó ń kọ́ program Windows lórí Linux) pẹ̀lú Wine (tó ń mú un ṣiṣẹ́ níbẹ̀) á bo apá kan ti Windows, kò sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣì ní láti kọ́ ọ pẹ̀lú compiler Microsoft kí ẹ tó pín in.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ẹ mú àkójọ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí "omi", "ẹ", "ọ́" ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ọ̀rọ̀ gígùn bíi mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ atọ́ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báìtì sí báìtì, ẹ fi í pamọ́ sínú Git. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ atọ́ka tuntun láti inú àkójọ náà, kí ẹ sì fi cmp wé e mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Báìtì kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ *.idx binary àti tests/*.txt -text sínú .gitattributes, torí Git lórí Windows lè yí ìparí ìlà padà nígbà tó bá ń gbé fáìlì jáde. Àkójọ tí àwọn ẹlòmíràn bá mú wá náà lè ní 0D ní ìparí ìlà, tàbí EF BB BF ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nígbà kíkà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú àkójọ á máa sọnù láìsí ẹni tó mọ ìdí.

Atọ́ka tí àwọn ènìyàn ti kọ pẹ̀lú ẹ̀yà àtijọ́ ò ní ṣeé kà mọ́, ẹ má sì ṣe gbìyànjú láti máa sọ irú ẹ̀rọ tó kọ ọ́. Bí báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ ò bá bá tiyín mu, kí yrk_open dá àṣìṣe ọ̀tọ̀ padà, tó ń sọ pé àtijọ́ ni fáìlì yìí, kí program tún un kọ láti inú àkójọ ọ̀rọ̀. Nítorí pé yrk_free ti yí àdéhùn láàárín library àti program padà, ẹ yí soname náà (orúkọ ẹ̀yà library tí program ń wá) padà pẹ̀lú: -Wl,-soname,libyrk.so.2 lórí Linux, kí program tó ṣì ń pe free lásán má bàa gbé ẹ̀yà tuntun láìmọ̀.